Bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà mú kí àwọn ènìyàn máa tọ́jú ààbò kọ̀ǹpútà wọn

Ẹnikẹ́ni tó bá wà nídìí rírán àwọn ẹlòmíràn létí ààbò kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, olùkọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ tàbí ọmọ tó ń ran àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́ lórí fóònù, yóò ti dán ẹ̀rù wò rí. A ó sọ fún wọn pé àwọn oníjìbìtì ti dé ẹnu ọ̀nà, a ó fi àwòrán agbárí tàbí àgádágodo pupa sí i, lẹ́yìn náà a ó máa retí kí wọ́n ṣe ohun tó yẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í ṣe é. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́, kì í sì í ṣe pé ẹ̀rù kò bà wọ́n. A kàn dá ẹ̀rù sí wọn lọ́kàn láìla ọ̀nà tí wọn yóò gbà jáde nínú rẹ̀ ni.

Ìwádìí kan tí Howard Leventhal àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Yale, tí wọ́n sì gbé jáde ní 1965, fi èyí hàn kedere, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì ni, tí kò kan kọ̀ǹpútà rárá. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé pélébé tó ṣàlàyé àrùn náà. Ti àwọn kan ba ni lẹ́rù gan-an, ti àwọn mìíràn sì rọ̀ díẹ̀. Àwọn kan nínú wọn tún rí àwòrán ojú ọ̀nà tó lọ sí ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́ náà gbà, a sì ní kí wọ́n wo ìgbà tí àyè yóò gbà wọ́n láti yà síbẹ̀. Nǹkan bí ìdá 28 nínú 100 àwọn tó gba àwòrán ọ̀nà ló lọ gba abẹ́rẹ́, nígbà tí àwọn tí kò gbà á kò ju nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 lọ. Kíkó ẹ̀rù lé ẹ̀rù kò fi kún iye àwọn tó lọ, ṣùgbọ́n ètò nìkan láìsí ẹ̀rù kankan kò tó láti gbé ènìyàn dìde. Orí ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí ni ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé: ẹ̀rù díẹ̀ ni a nílò, ọ̀nà ni a nílò púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ewu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ fẹ́ kí ènìyàn ṣe, kí ó sì jẹ́ ohun tí a lè fojú rí pé ó ṣe é tàbí kò ṣe é. "Ẹ ṣọ́ra lórí íntánẹ́ẹ̀tì" kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, nítorí kò sí ẹni tó lè jókòó kí ó ṣọ́ra tán kí ó sì dìde. "Ẹ tan ìwọlé onígbèésẹ̀ méjì sórí ìmélì yín", ìyẹn kí ìmélì máa béèrè ohun kejì, bí kóòdù tí a fi ránṣẹ́ sí fóònù, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà (password), yẹ fún un, nítorí ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ẹni tó bá sì ti ṣe é mọ̀ pé òun ti ṣe é.

Kí ẹ tó fi ẹ̀rù ti ohun náà lẹ́yìn, ẹ wádìí bóyá ó wúlò ní tòótọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi dẹ́rù ba òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n máa yí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn padà lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ náà sì ń ṣe ni pé wọ́n ń fi nọ́ńbà kan kún ìdí ti tẹ́lẹ̀. Ní 2017, NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n àti ìlànà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí a má ṣe fi dandan mú ènìyàn yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà lóòrèkóòrè, àfi bí ẹ̀rí bá wà pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Gbogbo ẹ̀rù tí a ti ná sórí àṣà yẹn ṣòfò, ohun tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn ti kọ́ láti má ka ìkìlọ̀ wa sí. Cormac Herley, tó jẹ́ onímọ̀ ìwádìí ní Microsoft, ti sọ ní 2009 pé ẹni tó kọ ìmọ̀ràn ààbò sílẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀ nígbà gbogbo: bí a bá ṣírò àkókò tí ìmọ̀ràn náà yóò gbà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ó lè ju àdánù tí a fẹ́ fi dènà lọ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, àfi lórí ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀. Ìwọlé onígbèésẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ aṣínà tó yàtọ̀ fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan, gbígba àtúnṣe sọ́fítíwíà ní kété tó bá dé, àti ẹ̀dà fáìlì tí a tọ́jú síbi tó yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ìwọ̀nyí tọ́ sí kí a dẹ́rù ba ènìyàn díẹ̀ nítorí wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ́kọ́ rin ọ̀nà náà fúnra yín

Ẹ wá ẹnì kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ kọ̀ǹpútà, ẹ jókòó tì í, ẹ ní kí ó ṣe ohun tí ẹ yàn, kí ẹ má sì fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Ẹ ka ìṣẹ́jú tó gbà á, ẹ kọ gbogbo ibi tó ti dúró béèrè nǹkan sílẹ̀. Bí ó bá dúró lẹ́ẹ̀mẹta, àtúnṣe ọ̀nà ló kàn, kò tíì kan ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà. Mo ti kọ ìkìlọ̀ kan rí tí mo rò pé ó dùn ún kà, kí n tó wá mọ̀ pé bọ́tìnì tí mo ní kí wọ́n tẹ̀ kò sí lójú fóònù rárá, orí kọ̀ǹpútà nìkan ló wà. Àwọn tí ẹ̀rù bà jù lọ, tí wọ́n wá bọ́tìnì náà títí tí wọn kò rí i, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé àwọn kò ní ka ìwé mi mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ ọ̀nà àbáyọ kí ẹ tó kọ ewu

Ronald Rogers, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ló gbé àlàyé kan kalẹ̀ ní 1975 tó sì tún un ṣe ní 1983, orí rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú ìwádìí lórí ìdẹ́rùbà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà dúró lé títí dòní. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkàn ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Ó ń wọn ewu: ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀, ṣé ó sì lè kàn mí? Ó tún ń wọn ìdáhùn: ṣé ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣé ọwọ́ mi lè ká a, kí ni yóò sì ná mi? Ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ tí a ń rí lójú kọ̀ǹpútà ń dáhùn ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ lọ́nà tó ga sókè réré, wọ́n á sì fi ìlà kan ṣoṣo dá mẹ́ta tó kù lóhùn, bí wọ́n bá tilẹ̀ dá wọn lóhùn.

Nítorí náà, ẹ yí iṣẹ́ náà padà. Ẹ kọ́kọ́ jókòó kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Ní ti bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ wá òótọ́ tí ẹ lè dúró tì. Bí àpẹẹrẹ, ìwádìí tí Google gbé jáde ní 2019 fi hàn pé kóòdù tí a fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹni tó ni àkáǹtì dá gbogbo ìgbìyànjú tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀ dúró, ó dá ìdá 96 nínú 100 jìbìtì tí a ń fọ́n ká sí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró, ó sì dá ìdá 76 nínú 100 èyí tí a dìídì dojú rẹ̀ kọ ẹnì kan dúró. Ẹ kíyè sí i pé kò pé 100 nínú méjì tó gbẹ̀yìn, ẹ má sì fi bò. Ẹni tí ẹ bá sọ fún pé ohun kan kò lè kùnà kò ní gbà yín gbọ́ mọ́ lọ́jọ́ tó bá kùnà. Ní ti bóyá ọwọ́ rẹ̀ lè ká a àti ohun tí yóò ná an, ìṣẹ́jú tí ẹ kà ní ìgbésẹ̀ kejì ni ìdáhùn yín: ẹ kọ iye rẹ̀ gan-an sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wá wọn ẹ̀rù náà

Ibí ni a ti máa ń sọnù. Ẹ̀rù tó wúlò ní àmì mẹ́ta: ó jẹ́ òótọ́, ó súnmọ́ ẹni tó ń kà á, ohun tí ẹ sì ní kí ó ṣe ni oògùn rẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa gba àtúnṣe sọ́fítíwíà ní kíákíá, ìtàn tó bá a mu ni ti WannaCry, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa mọ́ olówó rẹ̀ lójú tó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ní May 2017 ló jà. Ó wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè tó tó 150, ó sì fa kí àwọn ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba dá àwọn aláìsàn padà sílé láìtọ́jú wọn. Ohun tó mú ìtàn yìí wúlò ni pé Microsoft ti gbé àtúnṣe tó dí ihò tí fáírọ́ọ̀sì náà gbà wọlé jáde ní March ọdún kan náà, nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Ewu àti oògùn wà nínú ìtàn kan náà, kò sídìí láti fi agbárí kankan kún un. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ẹ fẹ́ bá jẹ́ ìwọlé onígbèésẹ̀ méjì, ẹ fi WannaCry sílẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà ni fáírọ́ọ̀sì yẹn gbà wọlé.

Ní ti sísúnmọ́, èrò mi ni pé àdánù ilé-iṣẹ́ kì í ba òṣìṣẹ́ lẹ́rù tó bí a ti ń rò. Ẹ sọ fún akọ̀wé pé ilé-iṣẹ́ lè pàdánù mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, yóò mi orí. Ẹ sọ fún un pé tábìlì owó oṣù tó fi ọjọ́ mẹ́ta tò lè má ṣí mọ́ lówùúrọ̀ ọ̀la, yóò béèrè ohun tí òun yóò ṣe. Ẹ wá ohun kan tí ènìyàn náà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, bí àwòrán ìdílé, iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ìwé àdírẹ́sì àwọn oníbàárà, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i. Kí ó má ju gbólóhùn kan tàbí méjì lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ má jẹ́ kí ìkìlọ̀ yín jọ ti oníjìbìtì

Ẹ wo bí àwọn oníjìbìtì ṣe ń kọ̀wé: wọ́n á ní àkáǹtì rẹ yóò ti pa láàárín wákàtí 24, wọ́n á ní ẹnì kan ti gbìyànjú láti wọlé, wọ́n á wá fi líǹkì kan sísàlẹ̀ pé kí o tẹ̀ ẹ́ kíákíá. Ẹ̀rù, ìkánjú àti líǹkì ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Bí ìkìlọ̀ tiwa náà bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ń fi ọwọ́ ara wa kọ́ àwọn ènìyàn láti máa tẹ ohun tó bá bà wọ́n lẹ́rù. Fún ìdí yìí ni mo fi gbà pé ìkìlọ̀ ààbò kò gbọdọ̀ ní líǹkì nínú rárá. Ẹ júwe ibi tí ènìyàn yóò gbà débẹ̀ fúnra rẹ̀, láti ojú ìwé tó máa ń ṣí lójoojúmọ́. Ẹ má fi wákàtí ṣe gbèdéke, ẹ má fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi orúkọ ẹni tí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ìkìlọ̀ kan tí kò dára:

"ÌKÌLỌ̀ PÀTÀKÌ! Àwọn ọ̀daràn ń jí ìmélì ènìyàn lójoojúmọ́, ìwọ ló kàn! Tẹ ibí yìí kí ó tó pẹ́ jù!"

Ẹ wá wo èyí tí mo lè fi ránṣẹ́ láìtijú:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà ìmélì yín bá bọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì, kì í ṣe lẹ́tà yín nìkan ni yóò rí kà: láti ibẹ̀ ni yóò ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn àkáǹtì yín yòókù padà, nítorí inú ìmélì ni púpọ̀ nínú wọn ń fi líǹkì ìyípadà ránṣẹ́ sí. Ìwọlé onígbèésẹ̀ méjì ń dá ọ̀pọ̀ jù lọ wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ aṣínà náà lọ́wọ́. A dán an wò pẹ̀lú ẹni tí kò ṣe é rí, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló gbà á. Ẹ ṣí ìmélì yín bí ẹ ti máa ń ṣí i, ẹ lọ sí ojú ewé ètò, ẹ tẹ Ààbò, kí ẹ sì yan Ìwọlé onígbèésẹ̀ méjì. A mọ̀ọ́mọ̀ má fi líǹkì sínú ìwé yìí ni. Bí ó bá há yín lọ́wọ́ níbikíbi, ẹ gbé fóònù yín wá bá wa ní ọ̀sán Ọjọ́rú, a ó jọ ṣe é."

Nínú gbogbo rẹ̀, gbólóhùn kan péré ló ń dẹ́rù bani. Ọjọ́rú tó wà níbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí àwòrán ọ̀nà ilé ìwòsàn ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yale: ó sọ ìpinnu di ọjọ́ kan pàtó. Ẹ lè yí àwọn ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnì padà kí ó bá ohun tó wà lójú ẹ̀rọ tiyín mu, nítorí bí ẹ bá kọ "Ààbò" tí ojú ẹ̀rọ sì pe e ní nǹkan mìíràn, ìdajì àwọn ènìyàn yóò ti padà sẹ́yìn níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fi í ránṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ wọn lè ṣe é

Kò sí ìkìlọ̀ tí kì í ṣá. Bonnie Anderson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lo ẹ̀rọ tó ń yàwòrán ọpọlọ láti wo àwọn ènìyàn tí ìkìlọ̀ kọ̀ǹpútà ń hàn sí, wọ́n sì rí i nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2015 pé bí ọpọlọ ṣe ń fèsì ti lọ sílẹ̀ gan-an láti ìgbà kejì tí ènìyàn bá rí ìkìlọ̀ kan náà. Àwọn tí ìrísí wọn ń yí padà ni kò tètè ṣá bẹ́ẹ̀. Ẹ má rán ìwé kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ rán an lẹ́ẹ̀kan, ní àkókò tí ẹni náà jókòó ti kọ̀ǹpútà tí kò sì sáré, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Bí ẹ bá fẹ́ rán an lẹ́ẹ̀kejì, ẹ yí ìrísí rẹ̀ àti àpẹẹrẹ inú rẹ̀ padà.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ṣọ́ àwọn tó ń bá ẹ̀rù jà dípò ewu

Ní 1992, Kim Witte ṣàlàyé ohun kan tí gbogbo ẹni tó ti kọ ìkìlọ̀ rí ti fojú rí. Ẹni tí ewu bá yé, tí ó sì gbà pé ọwọ́ òun ká oògùn rẹ̀, yóò dojú kọ ewu náà. Ẹni tí ewu bá yé ṣùgbọ́n tí kò gbà pé ọwọ́ òun ká nǹkan kan yóò dojú kọ ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́. Ẹ ó dá wọn mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ọ̀kan yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òmíràn yóò ní "kí ni wọ́n fẹ́ rí jí lọ́wọ́ tèmi?", ẹnì kẹta yóò ní wọ́n ti mọ gbogbo nǹkan nípa wa tán, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Àwọn mìíràn kò ní sọ nǹkan kan, wọn kàn kò ní ṣí ìwé yín mọ́.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe níbí ni pé a ń fi kún ẹ̀rù náà, bí ẹni tó rí i pé omi ti kún àgbá tó tún ń bu omi sí i. Ìdàkejì ni kí ẹ ṣe. Ẹ yọ ewu kúrò nínú ọ̀rọ̀ pátápátá, kí ẹ sì fún wọn ní iṣẹ́ kékeré kan tí wọn kò lè kùnà níbẹ̀, bí kí wọ́n kàn ṣí ojú ewé ààbò kí wọ́n sì wo àwọn ẹ̀rọ tó ti wọlé sí ìmélì wọn. Ẹni tó bá rí fóònù tó ti tà lọ́dún tó kọjá nínú àkọsílẹ̀ yẹn yóò béèrè ìgbésẹ̀ tó kàn fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ má fi ìtìjú kún ẹ̀rù

Àwọn kan gbà pé pańpẹ́ ni ẹ̀kọ́ tó dára jù: wọ́n á fi ìmélì jìbìtì àtọwọ́dá ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́, wọ́n á sì dójú ti ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Ní December 2020, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà fi irú ìmélì bẹ́ẹ̀ ṣèlérí owó ọdún, dọ́là 650, fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láàárín àjàkálẹ̀ àrùn Kòfíìdì. Nǹkan bí 500 nínú wọn ló tẹ̀ ẹ́, ilé-iṣẹ́ náà sì padà tọrọ àforíjì nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí gbogbo ayé. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra, ṣùgbọ́n irú ìdánwò yẹn kò ní ọwọ́ ọ̀tún kankan. Ẹni tí a bá dójú tì nítorí ó tẹ líǹkì yóò kọ́ ẹ̀kọ́ kan dájúdájú: bí ó bá tẹ òmíràn, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ tí ènìyàn sọ pé "mo ti tẹ̀ ẹ́ o" ṣe iyebíye ju ìkìlọ̀ mẹ́wàá lọ, nítorí ìgbà yẹn ni a ṣì lè yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà kí oníjìbìtì tó dé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìkìlọ̀ yín pé kò sí ìyà fún ẹni tó bá tètè sọ, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀ nígbà tó bá kan ẹni tí ẹ kò fẹ́ràn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ ka ohun tí wọ́n ṣe, ẹ má ka ohun tí wọ́n sọ

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn bóyá ìkìlọ̀ náà wọ̀ wọ́n lọ́kàn, wọn yóò ní ó wọ̀ wọ́n. Ẹ ka iye àwọn tó tan ìwọlé onígbèésẹ̀ méjì ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìkìlọ̀ àti ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn náà bá pọ̀, ẹ pín wọn sí méjì láìṣe ojúsàájú, kí ẹ fi ìwé tó ní gbólóhùn ẹ̀rù ránṣẹ́ sí apá kan, kí ẹ sì yọ gbólóhùn yẹn kúrò nínú ti apá kejì. Bí apá méjèèjì bá ṣe bákan náà, ẹ̀rù yín kò ṣe iṣẹ́ kankan, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún padà ka iye náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nítorí àwọn kan a máa pa ìwọlé onígbèésẹ̀ méjì náà nígbà tí kóòdù bá ti ń sú wọn.

Tí iye náà bá ti dúró lójú kan fún oṣù kan, ẹ yọ ìkìlọ̀ náà kúrò níbikíbi tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ẹ sì lọ bá àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í pọ̀ mọ́ nígbà náà. Bí ẹ bá jókòó ti wọn, ẹ ó rí i pé ohun tó dá ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró kì í ṣe àìbẹ̀rù: fóònù kan ti gbó jù láti gba kóòdù, nọ́ńbà tó wà lórí àkáǹtì ti sọnù tipẹ́, tàbí ọmọ tó ṣí ìmélì náà fún wọn nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀.